TA NI Ó WÀ PẸ̀LÚ RẸ NÍNÚ YÀRÁ?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run.

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tó mọ ohun tó hàn àti ohun tó pamọ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo àwọn tó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Gbogbo wa la mọ bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ní Àgbárá wa níbí. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán ṣe ń jáde lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ òru ń wọlé. Àwọn kan ń bọ̀ láti Lúsadà, àwọn kan láti Ìgbẹsà, àwọn kan láti Àtàn. Bàbá lè wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, kí ìyá má tíì ti ọjà dé. Ọmọ nìkan ló wà nílé, òun àti fóònù rẹ̀. Ó ti kírun Iṣái, ó ti jẹun, ó sì ti ti ilẹ̀kùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé: “Kò sí ẹni tó ń rí mi.”

Lórí gbólóhùn kékeré yẹn ni wáàsí wa ti oṣù yìí dá lé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti wo irú fíìmù abanilẹ́rù tó ń sọ ìtàn ọ̀dọ́ kan tó ń bá ẹni tí kò rí rí tàkúrọ̀sọ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ dùn, á di ìfẹ́, á di àṣírí, kí ẹni tó wà lódìkejì tó ṣí ojú rẹ̀ gan-an síta. Àyà wa á máa já bí a ti ń wò ó. Bí ó bá parí, a ó rẹ́rìn-ín, a ó ní eré lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé, tí ẹni tó kú níbẹ̀ kò sì tún dìde lọ gba owó iṣẹ́ eré.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ MẸ́TA TÍ KÌ Í ṢE ERÉ

Àkọ́kọ́. Ní oṣù keje ọdún 2012, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Cynthia Osokogu, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Nasarawa ní Keffi, wọ bàálù láti Àbújá wá sí Èkó. Ó ń ta aṣọ, ọjà ló fẹ́ wá rà. Àwọn tó mọ̀ lórí Facebook ló fọkàn tán pé wọn yóò gba òun lálejò. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Festac ni wọ́n mú un lọ. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n dè é, wọ́n jà á lólè, wọ́n sì pa á. Ojú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì tí bọ́ọ̀sì wa ń gbà lójoojúmọ́ náà ló lọ sí Festac. Ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá ọmọ yìí, ṣùgbọ́n apá bàbá kò ká inú yàrá yẹn. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ ikú fún ọkùnrin méjì lórí ọ̀rọ̀ náà.

Èkejì. Èyí kò jìnnà rárá, ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa níbí ni. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2022, ní Òkè-Arégbà, Abẹ́òkúta, ọlọ́dẹ kan rí àwọn ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń sun nǹkan nínú ìkòkò. Ó fura, ó ké sí ọlọ́pàá. Orí ènìyàn ló wà nínú ìkòkò. Orí ọmọbìnrin kan ni, ọ̀rẹ́bìnrin ọ̀kan nínú wọn, tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé wọn. Ọlọ́pàá mú ọmọkùnrin mẹ́rin, èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò ju ẹni ogún ọdún lọ. Owó ni wọ́n ń wá. Nígbà tí wọ́n bi ọ̀kan nínú wọn pé ta ló kọ́ ọ, ó ní orí Facebook ni òun ti wá a, òun sì rí i.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, ẹ gbọ́ ohun tó dùn wá jù. Nígbà tí a ka ìròyìn náà, orúkọ Mùsùlùmí ni a rí. Orúkọ Mùsùlùmí ni ẹni tó kú ń jẹ́, òun náà sì ni àwọn tí wọ́n mú ń jẹ́. A pe áfáà sí ìsọmọlórúkọ wọn, a gbàdúrà, a jẹun, a sì túká. Nígbà tí wọ́n dàgbà, ta ló wà pẹ̀lú wọn nínú yàrá?

Ẹ̀kẹta. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ní Michigan ní Amẹ́ríkà rò pé ọmọbìnrin kan ló ń bá òun sọ̀rọ̀ lórí Instagram. Wọ́n tàn án títí ó fi fi àwòrán ìhòòhò ara rẹ̀ ránṣẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni ohùn yí padà: mú owó wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ó fi àwòrán yìí han àwọn ẹbí rẹ àti ọ̀rẹ́ rẹ. Ó fi 300 dọ́là ránṣẹ́. Wọn kò fi í sílẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó mọ́, ọmọ náà ti pa ara rẹ̀. Ta ni “ọmọbìnrin” náà? Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ni, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, láti Èkó níbí. Wọ́n fà wọ́n lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ní ọdún 2023. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ilé ẹjọ́ rán ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin pariwo ní oṣù kejì ọdún 2022 pé kí ìjọba kéde ọ̀rọ̀ fífi ènìyàn ṣoògùn owó gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà kéde òfin lórí fíìmù tó bá ń gbé oògùn owó ga lójú ọ̀dọ́. A kí wọn. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ti ilẹ̀kùn sinimá, ta ni yóò ṣọ́ ilẹ̀kùn yàrá?

ILẸ̀KÙN TÍ WỌ́N TÌ MỌ́ YUSUF

Ọ̀dọ́ ni Ànábì Yusuf, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a, nígbà tí àdánwò tirẹ̀ dé. Àjèjì ni nílẹ̀ Íjíbítì. Bàbá kò sí nítòsí, ẹ̀gbọ́n kò sí, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní ìlú náà tí yóò lọ ròyìn rẹ̀ nílé. Ó wà nínú ilé obìnrin tó ní agbára lórí rẹ̀. Suratu Yusuf, aya 23, sọ fún wa pé obìnrin náà ti àwọn ilẹ̀kùn, ó sì pè é. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa: kì í ṣe ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, àwọn ilẹ̀kùn ni. Ohun tí Yusuf sì kọ́kọ́ sọ ni pé òun sá di Ọlọ́hun. Kò ní ẹnì kan lè wọlé bá wa. Kò ní aráyé yóò gbọ́. Ẹni tó ń rí i ló kọ́kọ́ rántí. Lẹ́yìn náà ni ó sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ wa lónìí, ilé onílẹ̀kùn púpọ̀ ni. Pásíwọọ̀dù jẹ́ ilẹ̀kùn kan. Orúkọ irọ́ tí a fi ń wọ Facebook jẹ́ ilẹ̀kùn kejì. Ọ̀rọ̀ tí a ń pa rẹ́ kí ẹ̀gbọ́n má bàa kà á jẹ́ ilẹ̀kùn kẹta. Bí a ti ń ti ilẹ̀kùn tán, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ń sọ fún wa pé ó kù wá nìkan.

Irọ́ ni ọkàn ń pa. Ànábì wa kọ́ wa pé ọkùnrin àti obìnrin tí kì í ṣe èèwọ̀ ara wọn kò gbọdọ̀ dá wà níbi kọ́lọ́fín, nítorí ṣàítánì ni yóò ṣe ìkẹta wọn. Bí ó bá jẹ́ orí fóònù ni wọ́n ti dá wà ní aago méjì òru, ṣé ẹ rò pé ṣàítánì kò ní dátà ni?

Àwọn tó pa ọmọ ọ̀gágun rò pé kò sí ẹni tó rí wọn, àkọsílẹ̀ fóònù wà lára ohun tó tú àṣírí wọn. Àwọn ọmọ Abẹ́òkúta rò bẹ́ẹ̀, ọlọ́dẹ rí wọn. Àwọn ti Èkó fi ojú ọmọbìnrin bo ojú ara wọn, àkọsílẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì mú àwọn agbófinró láti òkè òkun dé ẹnu ọ̀nà wọn. Bí àkọsílẹ̀ ọmọ ènìyàn bá lè ṣe èyí, kí ni kí á wá sọ nípa àkọsílẹ̀ àwọn màlékà? Nínú Suratu Qaf, aya 18, Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ̀ pé ènìyàn kò ní sọ ọ̀rọ̀ kan kí olùṣọ́ tó ti múra sílẹ̀ má wà níbẹ̀. Nínú Suratu Yasin, aya 65, tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ lórí, Ó sọ fún wa nípa ọjọ́ tí a ó fi èdìdì di ẹnu, tí ọwọ́ yóò máa sọ̀rọ̀, tí ẹsẹ̀ yóò sì máa jẹ́rìí. Ẹ wo ìka yín. Ìka yẹn ló ń tẹ fóònù. Ó mọ gbogbo ohun tó ti tẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti ní fóònù.

Hádíìsì kan wà láti ọ̀dọ̀ Thawban, tí Ibn Majah gbà wá, tó yẹ kí ó máa lé oorun lójú wa. Ànábì ń sọ nípa àwọn kan nínú ìjọ rẹ̀ tí wọn yóò gbé iṣẹ́ rere tó tó òkè Tihamah wá ní ọjọ́ ìgbéǹde, tí Ọlọ́hun yóò sì sọ ọ́ di eruku tó fẹ́ lọ. Thawban ní kí Ànábì ṣàpèjúwe wọn kí àwọn má bàa wà lára wọn láìmọ̀. Ó ní ọmọ ìyá yín ni wọ́n, ẹ̀yà yín ni wọ́n, wọ́n ń dìde lóru jọ́sìn bí ẹ ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá ku àwọn nìkan pẹ̀lú ohun tí Ọlọ́hun ṣe léèwọ̀, wọn a rá wọ inú rẹ̀.

Ẹ rí i pé kì í ṣe àwọn tí kì í kírun ló ń bá wí. Àwa ni. Àwa tí a ń wá sí àsàlátù ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí a ń dé fìlà, tí a ń wọ híjáàbù, tí a sì ń kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn bí irú èyí.

Ẹ̀SÙN TÍ A FI KAN ARA WA

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á sọ èyí tó kàn wá. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíríámà nígbà náà. Ohùn rẹ̀ dára, òun la máa ń ní kó ké Àlùkùránì. Ṣàdédé ni a kò rí i mọ́. Oṣù kan, oṣù méjì. Ẹnì kan ní ó ti ń tẹ̀lé ọkùnrin. Ẹnì kan ní ó ti bọ́ híjáàbù sílẹ̀. Àwa tí a jẹ́ aṣáájú gbọ́, a mi orí, a ní ayé ti bàjẹ́.

Ìyá rẹ̀ ló wá bá wa ní ọjọ́ kan, omi wà lójú rẹ̀. Ọmọ náà kò tẹ̀lé ọkùnrin kankan. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́ Mùsùlùmí láti ìlú mìíràn, tó máa ń kọ salamọ̀ sí i láràárọ̀, ló tàn án títí ó fi gba àwòrán rẹ̀ láìní ìbòrí. Ló bá ń halẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ yìí ti ta bàtà rẹ̀, ó ti ta ìwé rẹ̀, ó ti ń jí owó ọjà ìyá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́ sí alágàbàgebè náà. Nígbà tí ìyá bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àsàlátù, ó ní ẹ̀rù àwọn gan-an ló ń ba òun jù. Ó ní òun ti gbọ́ bí a ṣe máa ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ náà gún wa. Olè wà níta, ọmọ ń sá, ó dé ẹnu ọ̀nà wa, ó bá a ní títì. Suratul-Hujurat, aya 12, kọ̀ fún wa láti máa ro èròkérò sí ara wa, láti máa tọpinpin, àti láti máa sọ ọ̀rọ̀ ara wa lẹ́yìn. Ó sì fi ẹni tó ń ṣe é wé ẹni tó ń jẹ ẹran ara òkú ọmọ ìyá rẹ̀. Àwa jẹ nínú ẹran yẹn. Ànábì sì sọ pé ẹni tó bá bo àṣírí Mùsùlùmí, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀ láyé àti lọ́run. A ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà àti ìyá rẹ̀. Ó padà wá, àlhámúdúlíláhì. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó tún gbà láti kéwú níwájú wa.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tí a fi ìtìjú kọ́ láàárín wa ni ògiri tó lanu. Ibẹ̀ ni àwọn ẹni ibi ń gbà wọlé.

OHUN TÍ A NÍ KÍ Á ṢE

Ìkíní: Ẹ wádìí. Suratul-Hujurat kan náà, ní aya 6, pàṣẹ pé bí òbìlẹ̀jẹ́ bá mú ìròyìn wá, kí á ṣe ìwádìí. Salamọ̀ lórí fóònù kì í ṣe ẹ̀rí ìgbàgbọ́. Ẹni tó bá fún yín níṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ní kí ẹ wá nìkan, kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ní Uyo, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń wá iṣẹ́ lórí Twitter lọ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kò padà wálé. Ẹni tó pè é gba ìdájọ́ ikú ní ọdún 2022. Bí ìpàdé bá pọn dandan, kí ó jẹ́ níta gbangba, pẹ̀lú ará ilé, kí àwọn òbí sì mọ ibi tí ẹ wà.

Ìkejì: Ẹ wo ojú yín. Suratun-Nur, aya 30, ọkùnrin ni Ọlọ́hun kọ́kọ́ pa á láṣẹ fún pé kí ó rẹ ojú rẹ̀ sílẹ̀, kí Ó tó dojú kọ obìnrin ní aya 31. Ẹ̀yin ọmọkùnrin tí ẹ ń tọrọ àwòrán lọ́wọ́ ọmọbìnrin, ẹ má pè é ní eré. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹni tó bá fẹ́ yín fún ìyàwó, iwájú bàbá yín ni yóò gbà.

Ìkẹta: Ẹ̀yin tí ẹ ti kó sínú rẹ̀, ẹ gbọ́ wa dáadáa. Ẹ má fi owó ránṣẹ́, nítorí owó àkọ́kọ́ ló ń pe èkejì. Ẹ má pa àwọn ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ẹ̀rí ni wọ́n. Ẹ dẹ́kun dídá a lóhùn, kí ẹ sì sọ fún àgbàlagbà kan ní ọjọ́ náà gan-an. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 sọ irú ìhalẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà sì ní ẹ̀ka tó wà fún un. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má pa ara yín. Àwòrán kan kò tó ẹ̀mí. Ẹ̀ṣẹ̀ yín kò ju àánú Ọlọ́hun lọ: nínú Suratuz-Zumar, aya 53, àwọn tó ti ṣe àṣejù sí ẹ̀mí ara wọn gan-an ni Ó ń pè pé kí wọ́n má sọ ìrètí nù.

Ìkẹrin: Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe Yahoo, tí ẹ sì ń bá wa kírun, ẹ̀yin la ń bá sọ̀rọ̀. Ànábì ní ẹni tó bá rẹ́ wa jẹ kò sí lára wa. Bí ẹ bá ń sọ pé aláwọ̀ funfun ló ni owó, ẹ rántí ọmọ Michigan yẹn. Ó ní ìyá. Ẹ sì rántí Suratul-Baqarah, aya 102, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ́ ohun tí yóò ni wọ́n lára tí kò sì ní ṣe wọ́n láǹfààní. Irú ẹ̀kọ́ yẹn ló gbé ìkòkò kaná ní Òkè-Arégbà. Ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kún fún òógùn ní Àgbárá, a mọ̀ pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n Ànábì Dawud, ọba ni, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì ń jẹ.

Ìkarùn-ún: Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, olùṣọ́ ni yín, a ó sì bi yín léèrè ohun tí ẹ ń ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí fóònù àwọn ọmọ máa sùn ní pálọ̀, kí àwọn ọmọ máa sùn ní yàrá. Kí ẹni tó ń lọ fún iṣẹ́ òru pe ilé, kí ó bi ọmọ pé báwo ni ọkàn rẹ. Kí ẹ sì jẹ́ irú ẹni tí ọmọ lè sọ òótọ́ fún láìjẹ pé pàṣán ló kọ́kọ́ dá a lóhùn.

Ìkẹfà: Ní ti ẹgbẹ́ wa, a ti yan àwọn ẹ̀gbọ́n obìnrin fún ọmọbìnrin àti ẹ̀gbọ́n ọkùnrin fún ọmọkùnrin, tí ẹnikẹ́ni lè lọ bá lẹ́yìn àsàlátù. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ kò ní dé etí ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ẹ̀mí ẹnì kan wà nínú ewu. Ẹni tó bá sọ ọ́ síta, a ó yọ ọ́ kúrò nípò.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, nígbà tí màlékà Jíbírílù bi Ànábì léèrè nípa ṣíṣe dáadáa, èsì tó fún un ni pé kí á máa sin Ọlọ́hun bí ẹni pé à ń rí I. Bí a kò tilẹ̀ rí I, Òun ń rí wa. Èyí ni odindi wáàsí yìí. Ẹni tí wọ́n ń dọdẹ lórí fóònù ní alẹ́ òní, kí ó mọ̀ pé Ọlọ́hun ń rí òun, òun kò dá wà. Ẹni tó ń dọdẹ ọmọlọ́mọ, kí òun náà mọ̀ pé Ọlọ́hun ń rí òun, òun náà kò dá wà.

Ọlọ́hun Ọba, bo àṣírí wa, má fi ọmọ wa ṣe ìjẹ fún ẹni ibi. Gba túúbá àwọn tó ti ṣìnà nínú wa. Tu ọkàn àwọn òbí tí ọmọ wọn jáde tí kò padà wálé. Jẹ́ kí kọ̀rọ̀ wa dára ju gbangba wa lọ. Ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́, gẹ́gẹ́ bí O ti kó Yusuf yọ. Àámín.

Àsàlámù àláékúmù wàráhmátúláhì wàbàrákátúhù.